Edun Kò Ní Àtàǹpàkò, Àfòpiná Kò Lẹ́nu

Ní ọgbà ẹranko náà, kò sẹ́ni tó tún rántí orúkọ tí wọ́n sọ obìnrin yìí. Ìyá Edun ni gbogbo wọn ń pè é, látorí ọ̀gá pátápátá dórí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín o, kò bímọ rí. Agbo edun tó wà nínú àhámọ́ onírin lẹ́yìn ọgbà ló ń tọ́jú, ó sì ti ń tọ́jú wọn láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Òun ló ń kó ewé fún wọn láàárọ̀, òun ló ń fi rọ́bà omi fọ ilẹ̀ wọn, òun ló mọ èyí tó jẹ́ ojo nínú wọn àti èyí tó ń jí oúnjẹ ẹlòmíràn jẹ. Bí àlejò kan bá dúró níwájú àhámọ́, tó ń pè wọ́n ní ọ̀bọ, á fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, á ní, "Ọ̀bọ kẹ̀? Ṣé gbogbo ohun tó ń fò náà ni ẹyẹ ni?"

Ilé onígíláàsì kan wà ní òdìkejì àhámọ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sin àfòpiná. Àfòpiná tí à ń wí yìí kì í ṣe àwọn wẹ́wẹ́ tó ń kú sídìí gílóòbù. Ọ̀kan nínú wọn fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé tó fẹ́ pọ́n, ìyẹ́ rẹ̀ ní ìrù gígùn méjì, àmì roboto kan sì wà lórí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan tó rí gẹ́lẹ́ bí ojú ẹni tí oorun ti kọ̀. Bí èèyàn bá wọlé síbẹ̀ lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo wọn rọ̀ mọ́ ògiri láìmira, á ṣe é bí ẹni pé ògiri ń wò ó. Àwọn àlejò kan kì í lè kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú wọn ni Bàbá Àfòpiná, àgbàlagbà kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Lọ́sàn-án, òun àti Ìyá Edun á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà láàárín ilé méjèèjì, wọ́n á ṣí abọ́ oúnjẹ wọn, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Edun," bàbá á wí, "ẹranko tí Ọlọ́run dá ọwọ́ fún, tó wá gbàgbé àtàǹpàkò sílé. Ṣé èyí náà lo fi ń yan kiri?"

"Tiyín ńkọ́, bàbá? Ojú mẹ́rin lẹ́yìn, kò sí ẹnu kan ṣoṣo níwájú. Kí ló fẹ́ fi jẹun?"

"Kì í jẹun. Ta ló sọ fún ẹ pé gbogbo ayé ló jẹ́ ọ̀jẹun bíi tìẹ?"

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Edun kò ní àtàǹpàkò. Kùkúté kékeré kan ló wà níbi tó yẹ kó wà, ìka mẹ́rin yòókù ló sì fi ń kọ́ ẹ̀ka igi bí ìwọ̀. Ìka mẹ́rin yẹn náà ló fi ń di ọmọ mú. Àfòpiná ní tirẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ kòkòrò tó ń fàyà wọ́, kò mọ̀ ju kó jẹ ewé lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá fi hu ìyẹ́, ẹnu ti pa dé. Ohun tó ti jẹ sára tẹ́lẹ̀ ló máa ń ná títí yóò fi tán, bó bá sì ti tán, òun náà tán nìyẹn.

Ẹ tún gbọ́ ti ọmọ. Ọmọ edun funfun báláú ni wọ́n ń bí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú ni ìyá fi pọ̀ jù. Gbogbo obìnrin inú agbo á máa gbà á gbé lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á gbóòórùn orí rẹ̀, wọ́n á tún dá a padà fún ẹni tó ni ín. Àfòpiná kì í rí ọmọ rẹ̀ rárá. Á yé ẹyin sí abẹ́ ewé, á fò lọ, kí ẹyin tó pa, ìyá ti kú.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibí yìí ni ẹ̀rín Ìyá Edun máa ń gbẹ. "Ó bí wọn dànù ni," á wí. Bàbá Àfòpiná á ní rárá o, ó ní ìyá tó fọkàn tán ewé ni. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, bàbá," á wí, á sì pa abọ́ rẹ̀ dé, bí oúnjẹ tilẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, ìyá àgbà náà kò sì fi ohunkóhun bò fún un. "Ìyá ẹ bí ọ tán, ó yọ́ ẹsẹ̀ lọ, kò bojú wẹ̀yìn." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń gbọ́ láti kékeré, bí ọmọ ẹlòmíràn ṣe ń gbọ́ àlọ́. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, bàbá rẹ̀ kì í dá sí i, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń wò. Nígbà tó gba iṣẹ́ ní ọgbà, tí wọ́n mú un yí ilé onígíláàsì ká, tí wọ́n ṣí ewé kan tí wọ́n fi ẹyin hàn án lábẹ́ rẹ̀, ó dúró níbẹ̀ títí àwọn yòókù fi lọ. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ibi tí mo ti wá rèé. Ọkùnrin gidi ti dẹnu kọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì lé wọn padà. Kì í ṣe wọ́n ló ń bà á lẹ́rù, ara rẹ̀ ni. Ó gbà pé ohun tó wà lára ìyá wà lára ọmọ, pé lọ́jọ́ tí òun bá bímọ, òun náà lè hu ìyẹ́.

Bó ṣe wà nìyẹn títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tó dé ibi iṣẹ́ tí kò gbọ́ ariwo. Edun a máa ké láàárọ̀, igbe kan tó dà bí ìgbà tí dírẹ́bà ń ṣíná ọkọ̀ tó ti dẹnu kọlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kẹ́kẹ́ pa. Gbogbo agbo kó jọ sí apá kan, wọ́n kẹ̀yìn sí obìnrin kan nínú wọn tó dá jókòó sórí ẹ̀ka tó ga jù. Ọmọ rẹ̀ tuntun wà láyà rẹ̀. Orí ọmọ náà rọ̀ dirodiro, bí ìyá ṣe ń mí ni orí ń mì.

Ìyá Edun mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ti kú, ìyá kò sì gbà. Ó ti rí i rí, nígbà tí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣì wà láyé. Ìyá á máa fi ọwọ́ nu ojú òkú, á máa lé eṣinṣin lára rẹ̀, á máa fi ọwọ́ kan pere gun igi nítorí pé òkú wà ní èkejì. Ó lè gbé e títí awọ á fi gbẹ mọ́ egungun. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé kì í sunkún. Ṣe ni á máa wò yín bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí ẹ kò sọ fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni fóònù rẹ̀ dún. Ohùn obìnrin àgbàlagbà kan ni.

"Ṣé ìwọ lò ń tọ́jú edun?"

"Èmi ni, mà. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Àbúrò ìyá ẹ ni mí."

"Ìyá wo, mà? Ìyá tó tọ́ mi ti kú, wọn ò sì ní àbúrò."

"Ìyá tó bí ẹ lọ́mọ." Obìnrin náà tún ní, "Ó ti ń lọ. Kò jẹun mọ́, omi díẹ̀ ló ń gbà lẹ́nu. Bó o bá máa rí i láàyè, kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ìyá Edun gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. "Ẹ sọ fún un pé ẹyin tó yé sábẹ́ ewé ti pa," ó wí. "Ẹ ní ọmọ náà ti jẹ ewé yó, kò wá ẹnì kankan." Ó pa fóònù. Ó gbálẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Kò lọ, kò sì ní í lọ, ó ti parí. Bí ìyá yẹn bá kú láìrí òun, òun náà ti wà láyé láìrí i, wọ́n di ọgbọọgba nìyẹn.

Ẹnu dùn-ún rò ẹ̀fọ́. Láti ọjọ́ tí fóònù yẹn ti dún ni òórùn káńfọ̀ ti ń bẹ nínú yàrá rẹ̀. Kò ra káńfọ̀ rí láyé rẹ̀, orí a máa fọ́ ọ bó bá gbóòórùn rẹ̀. Ó kó gbogbo aṣọ jáde nínú àpótí, ó gbọ̀n wọ́n, kò rí nǹkan kan. Ó ṣí fèrèsé, òórùn náà kò jáde. Bó bá sùn tó jí, á ṣe é bí ẹni pé ẹnì kan ti dìde kúrò lẹ́yìn rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn rẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́, iwájú rẹ̀ á tutù. Ojú tì í láti sọ ọ́ fún ènìyàn.

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹrin, ó bá Bàbá Àfòpiná lójúde ilé onígíláàsì, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn, tó ń rẹ́rìn-ín. Àfòpiná igbó ti bo ara gíláàsì láti ìta, wọ́n rọ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, gbogbo ojú ẹ̀yìn wọn ń wo àwọn méjèèjì.

"Akọ ni gbogbo wọn," bàbá wí. "Obìnrin kan ṣoṣo ló jáde lánàá nínú òwú tó hun bo ara rẹ̀. Kò lẹ́nu, kò lóhùn, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Òórùn ara rẹ̀ ló fi pè wọ́n. Àwa ò gbóòórùn nǹkan kan, àwọn gbọ́ ọ láti ibi tó jìnnà."

"Bí wọn ò bá fẹ́ wá ńkọ́?"

"Ta ló bi wọ́n?" bàbá dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ìyá Edun kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó sáré kọjá sí ìdí edun rẹ̀.

Níbẹ̀, nǹkan kò dára sí i. Òkú ọmọ ti ń rùn, ojú rẹ̀ ti wọnú, ẹnu rẹ̀ sì ti fà sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan wá wo edun, ìyá náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé òkú náà sún mọ́ irin, ó nà án sí wọn. Ṣe ni ó dà bí ìgbà tí ìyá ìkókó bá ní, ẹ bá mi gbé e. Igbe ta. Tíṣà kó gbogbo wọn sá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, dókítà ẹranko ti dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó sì mọ̀wé.

"Ìyá Edun, ẹ má bínú, kò ṣeé fi sílẹ̀ mọ́. Àìsàn lè ran àwọn yòókù. Lọ́la, màá yìnbọn abẹ́rẹ́ oorun fún ìyá, a ó gba òkú."

"Orí igi ló wà, Dókítà. Bó bá sùn, á já bọ́."

"A ó ta nẹ́ẹ̀tì sísàlẹ̀."

"Nẹ́ẹ̀tì a máa ya. Ẹ fún mi ní àárọ̀ ọ̀la. Bí mi ò bá gbà á, kí ẹ yìnbọn."

Dókítà wò ó, ó ní ó dáa. Ẹ̀rù ń ba òun náà, ẹ má sọ fún un pé a wí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn tó ń tọ́jú edun fi ń gba òkú ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìwé kankan kò sì kọ́ wọn. Ẹ kì í wo edun lójú, nítorí ìjà ni ìwòjú lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kì í nawọ́. Ẹ ó wọlé, ẹ ó kó ewé tó fẹ́ràn jù sílẹ̀, ẹ ó jókòó, ẹ ó kẹ̀yìn sí i, ẹ ó sì máa dúró. Ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀yìn ló ń fọkàn tán.

Ìyá Edun wọlé láàárọ̀, ó jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, ó kẹ̀yìn. Ó pẹ́ títí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kú. Agbo dákẹ́, gbogbo wọn ń wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí òun kò lè rí. Ó gbọ́ tí ẹ̀ka mì, ó gbọ́ tí nǹkan kan bọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, èémí. Ìka mẹ́rin kan ọrùn rẹ̀, wọ́n tutù, wọ́n ya irun rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó fẹ́ dirí. Kò mira. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá, ìka náà kúrò, ó sì ń gbọ́ bí ẹnu ṣe ń fa ewé ya. Ó yíjú díẹ̀díẹ̀. Òkú ọmọ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀.

Ó fi aṣọ ìnura wé e, ó gbé e jáde. Kò wúwo ju ìgbálẹ̀ lọ. Nígbà tó tú u níwájú dókítà ló rí ohun kan. Gbogbo irun funfun ara ọmọ náà ló pé, àyàfi ní ẹ̀yìn àti ní ìbàdí, níbi tí ọwọ́ ìyá ti dì í mú. Ibẹ̀ ti pá kanlẹ̀. Ọwọ́ tí kò ní àtàǹpàkò ló dì í mú tó bẹ́ẹ̀.

Ó jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bú sẹ́kún. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Àfòpiná: fóònù, káńfọ̀, ìyá tó ń kú lọ. Àgbàlagbà náà kò ṣàwàdà lọ́tẹ̀ yìí.

"Wò ó," ó wí, "àfòpiná tèmi ò sá fún ọmọ rẹ̀. Ayé rẹ̀ ni kò gùn tó láti rí i. Ìwọ lò ń sọ pé ó sá, torí ojú ẹ lo fi ń wò ó. Ti ìyá ẹ, o ò tíì wò ó rí. Etí lo fi gbọ́ ọ. Bí ẹni yẹn bá kú lọ́la, ta lo fẹ́ bi?"

"Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ó sá ńkọ́?"

"Wàá bú u lójú ara rẹ̀. Ìyẹn náà dáa ju kí o máa bú kòkòrò lọ."

Ó pe nọ́ńbà obìnrin náà padà, ó gba àpèjúwe ilé, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló sì wọkọ̀. Ilé náà wà ní ìparí òpópónà tóóró kan, ilé alájà kan tó ní ọ̀dà búlúù lára ìlẹ̀kùn. Kò tíì kan ìlẹ̀kùn tí òórùn ti pàdé rẹ̀ lójúde. Káńfọ̀ ni. Káńfọ̀ tó ń bẹ nínú yàrá rẹ̀ gan-an. Ó fẹ́ padà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kọ̀.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Kò mú un wọ yàrá. Orí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló fi í jókòó sí.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún ẹ, kí o má bàa kígbe níbẹ̀. Nígbà tó bí ẹ, ibà dá a dùbúlẹ̀, ọjọ́ mélòó kan kò mọ ibi tó wà. Ìyá bàbá ẹ ò fẹ́ ìyá ẹ fún ọmọ wọn látilẹ̀wá. Wọ́n gbé ẹ pamọ́. Nígbà tó lajú, wọ́n fi aṣọ di ìrọ̀rí kékeré kan, wọ́n gbé e fún un, wọ́n ní ọmọ ti kú. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ tú u, pé ìyá tó bá tú òkú ọmọ rẹ̀ wò, yóò kú tẹ̀ lé e. Wọ́n rò pé á sunkún lé e, á sì dá a padà kí wọ́n lọ sin ín. Kò dá a padà. Ó gbé e sálọ sílé wa."

Ìyá Edun ń wo ẹnu rẹ̀.

"Àwa mọ̀ pé kì í ṣe òkú, kò rùn. A rò pé wọ́n ti sin ọmọ ni, wọ́n kàn fi aṣọ tù ú nínú. Màmá wa ní ká fi í sílẹ̀ fún un. Ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó ń bá èèyàn ṣeré, ó ń rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ pé. Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn nìkan ni. Kò tú u rí títí di òní. Káńfọ̀ ló ń kó sí i lára, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Nígbà tí bàbá ẹ kú, mo lọ síbi ìsìnkú, mo rí ẹ láàárín èrò. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí lára ẹ. Mo di arúgbó kan nínú ẹbí wọn mú, kò lè purọ́, òun náà ló fún mi ní nọ́ńbà ẹ."

"Ṣé ẹ ti sọ fún un?"

"Mo ti sọ ọ́ títí. Ó ní kí n má pariwo, ọmọ ń sùn."

Ọlọ́run nìkan ló lè bá ìyá àgbà yẹn ṣẹjọ́, àwa ò ní ẹnu tó tó o. Ẹni tó pa ènìyàn méjì láàyè, tó sì sùn lóru, tó jí láàárọ̀, tó ń sọ ọ́ bí àlọ́!

Wọ́n wọ yàrá. Kọ́tìnì wà nílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó wọlé kò ju díẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní igun kan tí wọ́n fi aṣọ bò. Obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì náà ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi tóbi ju gbogbo ara rẹ̀ lọ, ojú náà sì là kedere. Ètè rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Lápá rẹ̀ ni aṣọ dídì kan wà, tó ti ṣá, tó sì ti pá ní ibi méjì péré. Ìyá Edun rí ibi méjì yẹn, ó mọ̀ wọ́n: ẹ̀yìn àti ìbàdí.

Ó wo ìyá rẹ̀ lójú. Àṣìṣe ni. Obìnrin náà fa aṣọ mọ́ àyà, igbe kékeré kan sì jáde lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, igbe tí kì í ṣe ti ènìyàn. Àbúrò rẹ̀ sáré síwájú. Ìyá Edun ló dá a dúró. Kò tilẹ̀ rò ó, iṣẹ́ tó ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ló ṣe é. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó kẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀, ó sì ń dúró.

Ohun tó wá sọ ti wà létè rẹ̀: Màámi, èmi nìyí, mi ò kú. Ó tún un sọ nínú ara rẹ̀ títí, kò jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, èémí ń lọ, èémí ń bọ̀, nígbà mìíràn á dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun náà yóò fi gbàgbé láti mí. Bẹ́ẹ̀dì dún. Ìka kan ọrùn rẹ̀, wọ́n tutù, wọ́n ń wá nǹkan nínú irun rẹ̀. Ó ń retí kí ó gbọ́ tí wọ́n gbé aṣọ náà sílẹ̀.

Wọn kò gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé e lé.

"Bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí i," ohùn kan wí, ohùn tó gbẹ bí ewé. "Bá mi pọ̀n ọ́n. Ó ti rẹ̀ mí."

Àbúrò ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò rí i kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé aṣọ yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ó wá ọ̀já nínú àpótí, ó nà án sí Ìyá Edun. Ìyá Edun so ó láyà, ó tún un so kó le, ó dìde. Kò pọn ọmọ rí, ṣùgbọ́n ó ti wo ìyá ju ẹnikẹ́ni lọ láyé. Ó rọra rìn dé ìdí fèrèsé, ó rìn padà, ó ń mi ẹ̀yìn jẹ́jẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò wúwo rárá. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ṣé ó ti sùn?" ìyá bi í.

"Ó ti sùn, mà."

"O ṣeun." Ojú ńlá yẹn ń wò ó láti orí ìrọ̀rí, kò bẹ̀rù mọ́. "Ọmọ pípọ̀n mọ́ ẹ lọ́wọ́ o. Ọmọ mélòó lo bí?"

"Mi ò tíì bí, mà."

"Àh. Ọmọ á gbádùn lọ́dọ̀ ẹ." Ó sinmi díẹ̀ kó tó lè sọ èyí tó kù. "Ìyá tó kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀ kú iṣẹ́. Tó o bá délé, bá mi kí wọn."

Ìyá Edun dúró láàárín yàrá. Gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́ kígbe pé èmi ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ni ọmọ, ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Wọ́n ti fi irọ́ gba ọmọ kan lọ́wọ́ obìnrin yìí lẹ́ẹ̀kan. Òun kò ní í jẹ́ kó tún pàdánù òmíràn lónìí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìdí aṣọ náà mú lẹ́yìn.

"Wọ́n á gbọ́, mà," ó dáhùn.